Ife Elétí Méjì

Bantè, ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́

Ọkàn mi kò tíì kúrò lára ife yẹn. Etí méjì ni Míríámù oníbàárà mi yà sórí ìwé fún mi, ẹyọ kan ni mo fi sí i. Mo pe èkejì ní àṣejù. Amọ̀ tí a bá sì ti sun, kò gba etí mọ́.

Júù ni ọmọbìnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dá àrà tuntun sára àwọn ohun èlò ìsìn wọn. Èyí jẹ́ ife tí wọ́n fi ń ṣan ọwọ́ kí wọ́n tó jẹ búrẹ́dì ọjọ́ ìsinmi. Láàárọ̀ ló gun alùpùpù wá gbà á láti Savalou.

"Màmá, etí kejì ńkọ́?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣebí ẹlòmíràn ló máa da omi sí ọ lọ́wọ́."

Ó ní rárá, òun fúnra òun ni. Etí kan fún ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, kí èyí tó ti mọ́ má baà kan ibi tí èyí tí kò mọ́ dì mú. Mo ní kó fi í sílẹ̀, màá mọ òmíràn. Kò bínú.

Ife náà ni mo fi ṣan amọ̀ iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ kí n tó jẹ iṣu nírọ̀lẹ́ yìí. Ọ̀tún da omi sí òsì. Nígbà tí òsì gba ife, amọ̀ tí ọ̀tún fi sára etí rẹ̀ tún lẹ̀ mọ́ òsì.

Bàbá àwọn ọmọ ló máa ń da omi sí mi lọ́wọ́. Láti ọdún mẹ́ta tó ti kú, báyìí ni mo ń ṣe é, mi ò fiyè sí i.

Lọ́la, màá po amọ̀ ife méjì, ti Míríámù àti tèmi.