Bùọ̀dá Gàníyù Kò Jalè, Oòrùn Ló Sá Díìsìkì Sí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ sì kú àfojúsọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Ìyá Àgbà ní Àpòmù. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sá fún ni mo fẹ́ sọ: àbúrò yín, Bùọ̀dá Gàníyù, wà ní àgọ́ ọlọ́pàá níbí ní Èkó. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn torí mo gbọ́ pé òfófó ti dé Ìkirè pé ó jalè. Kò jalè o. Ọlọ́run gbọ́.

Ẹ mọ̀ pé òun ló bá mi wá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níléeṣẹ́ wọn, níbi tá a ti ń tọ́jú orúkọ àti ọdún iṣẹ́ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ohun tá a bá tẹ̀ ló ń lọ sínú àpótí irin kan tí díìsìkì márùn-ún wà nínú rẹ̀. Bùọ̀dá ló ń ṣọ́ yàrá tí àpótí náà wà. Òjò Èkó yìí kì í ṣe òjò ilé wa, kì í dá bọ̀rọ̀. Ó jò wọ yàrá náà lọ́jọ́ Sunday, omi sì wọ inú àpótí. Ìgbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún Bùọ̀dá, oòrùn ti yọ. Ó ti tú gbogbo díìsìkì, ó tẹ́ ẹní síta, ó ń yí wọn padà bí ẹni ń sá kòkó! Ó tún ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ni èmi mọ̀, ọmọ Ìkirè tí kò lè sá kòkó. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló kó wọn padà sínú àpótí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe bá wọn.

Ìyá mi, nígbà tó di Monday, kò sórúkọ ẹnì kan mọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ní ńṣe ni Bùọ̀dá pa orúkọ rẹ́ kó lè fi bo owó tó kó jẹ. Kí n tó ṣẹ́jú, ọlọ́pàá ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àwọn arúgbó tó ti fẹ̀yìn tì kún ẹnu géètì iléeṣẹ́. Ìyá kan ń bi mí pé ṣé òun ò ṣiṣẹ́ rí nìyẹn.

Wọ́n pe ọkùnrin kan tó máa ń wá ohun tó bá sọnù sínú díìsìkì. Ó ní ńṣe ni àpótí náà ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, tó ń pín in fún díìsìkì márààrún, pé tí wọn ò bá tò bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, ràdàràdà ni. Ó tò wọ́n síbí, ó tò wọ́n sọ́hùn-ún, títí orúkọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. A pariwo! Àmọ́ ó ní ibi tí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, mẹ́rin tó kù lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ibi tí méjì bá ti bàjẹ́ pọ̀, ó tán. Ọ̀pọ̀ orúkọ ò padà wá. Òun náà ló sọ fún ọlọ́pàá pé kò sẹ́ni tó pa nǹkan kan rẹ́, pé omi àti ooru ló bà á jẹ́.

Wọ́n ní àwọn máa fi Bùọ̀dá sílẹ̀, àfi kí ọkùnrin kan nínú ẹbí wá ṣe onídùúró. Wọn ò gba obìnrin. Mo bẹ̀ wọ́n tọmọ-tọmọ lẹ́yìn, wọ́n ní kí n lọ fọ́mọ lọ́mú. Bàbá ọmọ mi sì wà lókè Ọya níbi iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo wà níbí. Bùọ̀dá ti rù. Ó ṣáà ń bi mí bóyá mo mú dòdò Ìkirè wá, kí n má bàa sunkún.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ta ni yóò wá dúró fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì.

Èmi ni ọmọ yín,
Sìdíkátù