Ìkẹ́dùn lórí Ikú Ọ̀gá Oníbodè, àti Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àkọ́bí Wọn

Sí ìyá wa, ìyàwó olóògbé, àti sí àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin,

Ìbànújẹ́ ti dorí wa kodò ní iléèwé yìí láti àárọ̀ Sátidé tí a ti gbọ́ pé olùkọ́ ìmọ̀ ohun alààyè wa, ọkọ yín, bàbá yín, ti dágbére fáyé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi bá wa ṣiṣẹ́. Ní orúkọ olórí iléèwé, gbogbo olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a bá yín kẹ́dùn tọkàntọkàn. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ò lè dí àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ò lè tìtorí ìyẹn dákẹ́.

Irú ìwé báyìí kì í sábà gùn. Èyí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á. Nígbà tí a wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú, àkọ́bí yín obìnrin dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá rẹ̀, ó sì bi wá ní ohun kan ṣoṣo: "Dókítà ní kí bàbá mi má kúrò nílé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló pè wọ́n lọ síbi iṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀?" Àwa méje la jókòó síbẹ̀. Olórí iléèwé wolẹ̀, èmi náà wolẹ̀. A gbàdúrà, a dìde, a lọ. Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́ láàárín wa, torí láìsí ìyẹn, ìdáhùn náà ò ní yé yín dáadáa.

Ọ̀gá Oníbodè làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n. Inú ẹ̀kọ́ wọn lórí sẹ́ẹ̀lì ni orúkọ náà ti jáde, ìyẹn àwọn yàrá tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, tí a fi kọ́ ara gbogbo ohun tó ń mí. Wọ́n máa ń sọ pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká kì í ṣe ògiri, oníbodè ni: ó mọ ohun tó ń wọlé, ó mọ ohun tó ń jáde, kì í sì í gba rìbá. Wọ́n á rẹ ẹyin tútù sínú fíníígà fún ọjọ́ méjì títí èèpo rẹ̀ á fi yọ́ dànù, tí yóò ku awọ nìkan. Wọ́n á gbé e sínú omi, ẹyin á mu omi, á wú. Wọ́n á gbé e sínú omi ṣúgà tó ki, omi á jáde lára rẹ̀, á wá hunjọ bí ojú arúgbó. Ẹni tí ẹyin bá bẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ló máa nu gbogbo tábìlì, olórí kíláàsì ni o, ọmọ olùkọ́ ni o.

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ni bí nǹkan ṣe ń rìn fúnra rẹ̀ láti ibi tó ti pọ̀ lọ síbi tí kò ti pọ̀, wọ́n á ṣí ìgò lọ́fíńdà níwájú kíláàsì, wọ́n á ní kí kálukú nawọ́ sókè bí òórùn náà bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ á máa lọ sókè láti ìjókòó iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ìyá wa, bí ẹ bá ti ń wá lọ́fíńdà yín onígò búlúù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí ẹ sì ti fura sáwọn ọmọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọ̀rọ̀ jì wọ́n. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ọkọ yín ló wà. A ti fi í sáàárín àwọn ẹrù wọn tí a ó kó wá fún yín.

Ẹ̀kọ́ tí èmi fúnra mi fẹ́ràn jù ni ti ẹ́ńsáìmù, àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì tó máa ń dín agbára tí iṣẹ́ kan ń béèrè kù, tí iṣẹ́ tí ìbá gba ọjọ́ gbọọrọ yóò fi parí kíákíá. Wọ́n á gé ẹ̀dọ̀ tútù sínú ife, wọ́n á da oògùn ìfọgbẹ́ lé e lórí, á sì hó yàà. Bí ó bá rọlẹ̀, wọ́n á béèrè bóyá ẹ́ńsáìmù ti tán. Gbogbo kíláàsì á ní ó ti tán. Wọ́n á tún da oògùn náà sí i, á tún hó. Wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ rí i? Iṣẹ́ ló tán, òṣìṣẹ́ ò tán." Ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn wá gan-an láti Sátidé.

Ó ku ohun tí àkọ́bí yín béèrè.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn lẹ́nu iṣẹ́ kí dókítà tó ní kí wọ́n lọ sinmi nílé, a ti rí i pé àìsàn ọkàn ti ń mú kó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n ya àwòrán méjì sójú pátákó fún kíláàsì àṣekágbá. Èkínní jẹ́ ti ṣúgà tó ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọnú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà pọ̀ níta ju inú lọ, nítorí náà fúnra rẹ̀ ló ń wọlé, sẹ́ẹ̀lì ò ná agbára kankan. Èkejì jẹ́ ti iyọ̀ tí sẹ́ẹ̀lì ń tì síta, níbi tí iyọ̀ ti pọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn dà bí ẹni ń ti kẹ̀kẹ́ gun òkè, ó ń gba agbára. Wọ́n ṣì í kọ. Wọ́n kọ "ó gba agbára" sábẹ́ ṣúgà, wọ́n kọ "kò gba agbára" sábẹ́ iyọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógójì dà á kọ sínú ìwé wọn, ìdánwò sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Èmi ni mo gba kíláàsì náà nígbà tí wọ́n wà nílé. Ní Ọjọ́rú ni mo rí àṣìṣe yẹn, mo sì sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n yí i padà. Wọn ò gbà. Ọ̀kan ní, "Ọ̀gá Oníbodè kì í ṣì í, sà. Ẹ bi wọ́n wò ná." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ni, ẹ̀rín náà sì wọ̀ mí lára. Ìwé tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà wà lórí tábìlì, mo lè ṣí i hàn wọ́n. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní aago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo tẹ ọkọ yín láago, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbà mí o, àwọn ọmọ yín ní irọ́ ni mò ń pa." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ẹ̀rín náà dá lẹ́nu wọn. Wọ́n ní, "Yé è! Èmi ni mo kọ bẹ́ẹ̀? Mò ń bọ̀." Mo mọ ohun tí dókítà sọ. Lẹ́tà rẹ̀ wà nínú fáìlì tí mo fọwọ́ ara mi tì. Ó yẹ kí n sọ pé kí wọ́n má wá. Mi ò sọ ọ́.

Ọmọ ọ̀gá mi, èmi tí mo ń kọ ìwé yìí ni mo pe bàbá yín. Torí pé ẹ̀rín àwọn ọmọdé dùn mí ni mo ṣe pè wọ́n.

Wọ́n dé ní aago mẹ́wàá. Wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó dé òkè. Wọ́n nu pátákó, wọ́n tún àwòrán méjèèjì yà, wọ́n sì sọ fún kíláàsì pé, "Èmi ni mo ṣì í. Olùkọ́ yín tọ̀nà." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, wọ́n wo ìwé mọ́kànlélógójì lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi báírò pupa sàmì sí i. Nígbà tí mo sìn wọ́n dé ìdí ọkọ̀, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Àbúrò, o ṣeun tó o pè mí. Ǹ bá má mọ̀." Mi ò sọ èyí láti fi gba ara mi sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ọjọ́ tí a wá kí yín ni ìdánwò náà wáyé. Ìbéèrè kankan ò jáde lórí ṣúgà tàbí iyọ̀.

Olórí iléèwé ti ka ìwé yìí, wọ́n ní kí n má yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ síbí pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ pe òṣìṣẹ́ tí dókítà bá ní kó sinmi, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ká a lára tó. Ọmọ yín tó kéré jù, tó wà ní kíláàsì kẹrin lọ́dọ̀ wa, iléèwé ni yóò máa san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí yóò fi jáde. Àwọn olùkọ́ méjì yóò kó ẹrù bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò ní sí lára wọn, àfi tí ẹ bá ránṣẹ́ pè mí.

Ìyá wa, kí Ọlọ́run tó mọ ìdí ẹkún fúnra Rẹ̀ nu ojú yín. Kó fún yín lóorun. Kó má jẹ́ kí ilé dákẹ́ jù fún yín. Kó dá àwọn ọmọ sí, kó ṣe bàbá fún èyí tó kéré jù nínú wọn, kó sì mú ìbínú tó tọ́ sí wọn rọ̀ ní àkókò tirẹ̀, kó má jẹ́ kó jẹ wọ́n lára. Ẹ̀yin nìkan ni mo gba àdúrà yìí fún. Mi ò fi ara mi kún un.

Olórí ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì,
ní orúkọ iléèwé