Apá Tí Ẹ Yá Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Bàbá mi, tí mo fẹ́ràn tí mi ò sì tíì dárí jì,

Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ pé ẹ ga tó nìyẹn. Mo rí i nínú káàdì yín ní ilé ìwòsàn èbúté, mo sì jókòó tì í bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ẹ̀yin tí gbogbo ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ ń pè ní Bàbá Kúkúrú, tí ẹ máa ń gun àpótí kí ọwọ́ yín tó lè tó okùn aṣọ! Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́ bíi ti ọmọ ogún ọdún, lọ́dọọdún, títí di ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ẹ tó ṣubú ní Creek Road, tí ẹnu yín yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí ẹ fi kú ní ọjọ́ kẹta.

Ta ni ọkùnrin inú káàdì yẹn, Bàbá?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wá nídìí káàdì, nítorí ẹ ti kú kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, inú yín kì bá sì dùn sí i. Ẹ fẹ́ kí n jókòó sínú yàrá tí orúkọ mi wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, kí àwọn aláìsàn tò síta. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń wádìí àrùn ọkàn. Kì í ṣe ọkàn ẹnì kan là ń wò, ti odidi àdúgbò ni: ta ló ń ṣe, ta ni kì í ṣe, kí ló fà á. Ọdún méjì ni mo fi ń ru ìwé kiri lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí orúkọ mi yóò wà lára rẹ̀ ni ti àwọn tó ń já ẹrù ní Àpápá, inú káàdì ilé ìwòsàn wọn la sì ti kó gbogbo rẹ̀. Ohun tí a rí dùn mọ́ Ọ̀gá nínú: ọkàn àwọn ọkùnrin yìí le ju ti akọ̀wé ọ́fíìsì lọ. Ó ní ẹrù rírù ló ń dáàbò bò wọ́n. Tí mo bá buwọ́ lu ìwé ìwádìí náà pẹ̀lú rẹ̀, èmi ni wọn yóò rán lọ sí London láti kọ́ iṣẹ́ náà dé ìdí. Àyè kan ṣoṣo ló wà. Àyè yẹn ni mo ń sìn láti ọdún méjì.

Káàdì yín ló bà á jẹ́. Mo padà sínú àpótí káàdì, mo ṣa ti àwọn tí ẹ jọ ń já ẹrù ní gáǹgì kan náà jáde. Ẹ̀yin méjìlá. Ẹ̀yin méjèèjìlá lẹ ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Ṣé nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ kò gbójú sókè rí ni? Àbí ó mọ̀, ó ń ṣàánú yín?

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ nínú yín: Àgùntáṣọọ́lò, ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù. Ó ti fi iṣẹ́ ẹrù jíjá ní wáàfù sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ páànù kan nítòsí ilé wa, orí rẹ̀ ti ń hewú. Mo gbé káàdì yín síwájú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

“Dọ́kítà, no vex! Apá mi nìyẹn. Gbogbo gáǹgì ló ń lò ó. Tí wọ́n bá pe orúkọ ẹnì kan fún àyẹ̀wò ọdọọdún, èmi ni mò ń wọlé. Nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹrin láàárọ̀ kan, fìlà nìkan ni mò ń pààrọ̀. Ṣó o mọ̀ pé ẹni tẹ́jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, wọ́n máa lé e kúrò ní wáàfù ni?”

Mo ní ta ló kó Bàbá mi sínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

“Kó ta ni? Bàbá ẹ ló dá a sílẹ̀! Ọgbọ́n orí ẹ̀ ni. Ó ní ká fara dà á, pé tó o bá ti di dọ́kítà, ìwọ lo máa wo gbogbo wa.”

Mo bi í pé mélòó ló kù nínú ẹ̀yin méjìlá. Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ kan tán, kò nawọ́ kejì.

Ẹ gbọ́, Bàbá. Ẹ má dì í lé mi lórí. Ẹ ò bi mí kí ẹ tó fi mí ṣe ìlérí fún ọkùnrin mọ́kànlá. Mo gbé irinṣẹ́ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wálé nígbà ìsinmi, nígbà tí mo ṣì ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Mo de apá ìyá mi, mo de ti gbogbo ará ilé, títí kan Ìyá Ràfíù, alábàágbé wa, tí ẹ̀rù ń bà. Nígbà tó kan yín, ẹ fa apá yín sẹ́yìn, ẹ ní ṣé bàbá mi ni mo fẹ́ fi kọ́ṣẹ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ mo ti ń rí i láti ọdún yẹn: bí ẹ ṣe ń gbé iwájú orí lé ògiri tútù láàárọ̀ kí ẹ tó wẹ̀, bí ẹ ṣe ń di orí ibùsùn mú kí yàrá tó dẹ́kun yíyí. Òòyì iṣẹ́ lẹ ń pè é. Ìwé tí mo kà ti sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Kí ló dé tí mi ò fi fagbára fa apá yín wá? Ṣé nítorí pé ẹ jẹ́ bàbá ni, àbí nítorí pé mo fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn?

Irọ́ yín kò sì mọ síbẹ̀. Ìyá mi gbà pé Ìyá Ràfíù ló ṣe yín, nítorí ẹ̀yin méjèèjì jà lórí okùn aṣọ lọ́sẹ̀ tí ẹ ṣubú. Ọdún márùn-ún ni ìyá mi àti obìnrin náà kò fi kí ara wọn, lójúlé kan náà. Ìyá mi ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà ìṣẹ́gun ọ̀tá. Apá ta ni kí n fi hàn án báyìí?

Ọ̀gá kì í sọ Yorùbá sí wa níbi iṣẹ́ àfi tó bá fẹ́ bú ènìyàn. Lọ́jọ́ tí mo kó káàdì méjìlá náà lé tábìlì rẹ̀, Yorùbá ló sọ.

“Arábìnrin, ṣé ìwádìí lo wá ṣe níbí ni, àbí o wá sìnkú bàbá ẹ?”

Mo ní kó jọ̀ọ́, ká yẹ ti àwọn gáǹgì yòókù wò.

“Kí n da iṣẹ́ ọdún méjì nù nítorí ọkùnrin kúkúrú kan? Mo fún ẹ di ọjọ́ Ẹtì. Buwọ́ lù ú kó o lọ rí London, tàbí kó o lọ máa fún ọmọ wẹ́wẹ́ lóògùn ikọ́.”

Ẹ má rò pé mo jẹ́ ọmọlúàbí ju bí mo ṣe jẹ́ lọ. Mo fẹ́ lọ. Mo ti ra kóòtù òtútù lọ́wọ́ atukọ̀ kan ní Àpápá, ó wà lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, mò ń wọ̀ ọ́ nínú ooru láti wo ara mi nínú dígí. Mo tiẹ̀ ro ó pé ta ni yóò mọ̀. Àwọn tó mọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Ṣùgbọ́n tí ìwé yẹn bá jáde, wọn yóò fi sọ fún àwọn tó wà ní wáàfù lónìí pé ẹrù rírù ni oògùn wọn. Ìyẹn ni mi ò lè gbé mì. Lọ́jọ́ Ẹtì, mi ò buwọ́ lù ú. Ẹlẹgbẹ́ mi kan buwọ́ lù ú láìbi ìbéèrè kan. Nígbà tó dọjọ́ Ajé, ó wá bi mí bóyá n ó ta kóòtù náà. Mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì gbàdúrà pé kó fún un lábíyá.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gbé irinṣẹ́ tèmi lọ sábẹ́ páànù Àgùntáṣọọ́lò, pẹ̀lú ìwé tí kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà nìkan, kí ilé iṣẹ́ má bàa rí ẹni tí yóò lé. Ó ti pe àwọn tó ṣẹ́ kù nínú yín, àti àwọn kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n dúró, wọ́n ká apá mọ́ àyà.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ wò ó o. Ọmọ ẹni tó kọ́ wa lólè ló wá di ọlọ́pàá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgùntáṣọọ́lò ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. “Ẹ̀yin ojo! Apá tí gbogbo yín ń yá rèé. Dọ́kítà, de é, kí wọ́n rí i.”

Mo de é. Mo tẹ́tí. Mo tú u, mo de apá kejì, mo tún tẹ́tí.

“Ó ṣì dáa, àbí?”

Ojú gbogbo wọn wà lára mi. Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, kò dáa. Kò dáa rárá.”

Ẹni tó pè mí ní ọlọ́pàá fa àpótí kan, ó jókòó síwájú mi, ó na apá. Apá tirẹ̀.

Mi ò mọ ibi tí ìwé nọ́ńbà yìí máa gbé mi dé, tàbí bóyá ibì kan ni yóò gbé mi dé. Kò sí nọ́ńbà yín níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé àkọ́kọ́, kí gbogbo wọn tó bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ pé: Ọkùnrin. Òṣìṣẹ́ èbúté. Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti ínṣì mẹ́ta. Níbi tí ó yẹ kí n kọ ti ẹ̀jẹ̀ sí, mo kọ ọ́ pé: kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò jẹ́ kí ìbínú rẹ̀ tán.