Ẹ̀rí Tí Màmá Kò Parí

Dádì mi ọ̀wọ́n,

Mo ti di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Ó yẹ kí inú yín dùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, "If I were you" ni mo kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún wa nídìí tábìlì oúnjẹ ní Festac ni mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀: téèyàn bá ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí ohun tó wù ú kó rí bẹ́ẹ̀, "were" ni kó lò. Ó yé wọn kíá. Ẹ mọ̀ ọ́n kọ́, n kò ní torí pé inú ń bí mi kí n wá purọ́ mọ́ yín.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ṣíbí kan etí àwo bí ẹnikẹ́ni bá ṣìsọ? Àwa ọmọ máa ń rẹ́rìn-ín. Màmá kì í rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni wọ́n, ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fẹ́ wọn. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sọ Yorùbá wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí ògbufọ̀ wà níbẹ̀? Ṣé torí àwọn ọ̀gá yín àtijọ́ tó máa ń jókòó níwájú ni?

Ọjọ́ tí Màmá jáde láti jẹ́rìí kò kúrò lọ́kàn mi. "That day inside my shop, if I was not a child of God..." Wọn ò tíì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ẹ fi dìde, tí ẹ pariwo "were" kí gbogbo ìjọ gbọ́. Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Màmá rọra dá máìkì padà, wọ́n lọ jókòó. Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Apple Junction lọ́jọ́ náà? Ewu wo ni Ọlọ́run yọ wọ́n nínú ẹ̀? Ẹ ò bi wọ́n nílé. Ìgbà tí èmi wá bi wọ́n, wọ́n kàn ń rán aṣọ wọn lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀yin lẹ máa ń pa òwe yẹn fún wa. Dádì, ohun tí ẹ ṣe yẹn burú.

Ní Sọ́ńdè tó kọjá la ṣe ìrántí ọdún kan tí ẹ ti kú. Mo bẹ Màmá kí wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa yín, ní Yorùbá, wọ́n sì gbà. Wọ́n dé iwájú, wọ́n gba máìkì, wọ́n lanu. Wọ́n wá wo ibi tí ẹ máa ń jókòó sí. Wọ́n rọra dá máìkì padà. Èmi ni mo lọ fà wọ́n lọ́wọ́ wálẹ̀.

Nígbà tí a délé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. Èmi tí wọ́n bí ni wọ́n ń bẹ̀, torí wọ́n rò pé àwọn ti dójú tì mí. Mo gbá wọn mọ́ra, mo sì dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ẹ ò sí nílé. Mo fẹ́ràn yín, Dádì. Ó dùn mí wọra pé mo ṣe irú ọpẹ́ bẹ́ẹ̀, àtọkànwá sì ni.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì ń ṣàárò yín.