Ẹgbàárùn-ún Lé Kan

Ògbómọ̀ṣọ́, Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá 1988

Ọbẹ̀ tí ìyàwó mi gbé síwájú mi ti tutù. Mi ò lè jẹun.

Mo pàdé Sàlámátù ní Takie lọ́sàn-án yìí. Ọmọ kíláàsì mi ni lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Aṣọ rírán ló ń kọ́ báyìí. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ sínú eruku.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, nọ́ńbà ọjọ́ yẹn, ibo gan-an ni mo ti ṣe àṣìṣe?"

Mo ní mo ń kánjú. Irọ́ ni. Mi ò kánjú lọ síbì kankan.

Èmi ni mo kọ 10,001 sójú pátákó lọ́jọ́ náà, tí mo ní kò sí nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀. Sàlámátù nawọ́, ó ní mẹ́tàléláàádọ́rin pín in. Mi ò tiẹ̀ wo ìwé rẹ̀. Mo ní ó fẹ́ dójú tì mí, mo ní kó lọ kúnlẹ̀ nínú oòrùn. Kò padà wá síléèwé mọ́.

Nígbà tí mo délé, mo mú bírò. 73 lọ́nà 137 jẹ́ 10,001 gẹ́lẹ́.

Tíṣà ńlá! Ó yẹ kí n fi nọ́ńbà pín in wò títí dé ọgọ́rùn-ún kí n tó lanu. Nígbà tí mò ń múra ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, mọ́kànléláàádọ́rin ni mo dé tí agogo fi lù, mo ní ó tó. Torí mo ń fo àwọn tí nọ́ńbà mìíràn lè pín, ti Sàlámátù gan-an ló kàn.

Ó ṣì gbà pé òun lòun ṣe àṣìṣe. Orúnkún tó fi jìyà mi lọ́jọ́ yẹn náà ló tún fi kí mi lónìí.