Orin Mi Ti Di Ti Àwọn Baba Ńlá

Ẹ̀gbọ́n Mirlan orí rédíò, mo kí yín láti ìlú Naryn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ mi.

Ẹgbẹ́ olórin wa kò tíì lórúkọ, ṣùgbọ́n kò síbi ìgbéyàwó tí wọn kì í ti í kọ orin wa kan. Lánàá, ẹ̀yin náà gbé e sáfẹ́fẹ́, ẹ ní orin àtayébáyé ni. Ha! Ọdún tó kọjá ni mo ronú rẹ̀ jáde lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ wa, ìyá àgbà mi ń po wàrà ẹṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!

Àwọn ará tẹlifíṣọ̀n ní àwọn á gbé wa jáde ní Sátidé, bí àgbàlagbà kan bá lè jẹ́rìí sí i pé èmi ni mo ni orin náà. Mo bẹ ìyá àgbà mi pé kí wọ́n wá jẹ́rìí. Wọ́n ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, olè! Orin tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún?" Ni wọ́n bá bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ni kí n pè ní òpùrọ́: ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, àbí ara mi?