Omi Tó Ń Rùn ní Ọgbà Ìsun

Radim àbúrò mi,

Ṣé dáadáa ni ìwọ, ìyàwó àti Anežka ọmọ yín kékeré wà? Ìrora orúnkún mi ti rọlẹ̀. Òdòdó ti tanná ní ọgbà ìsun. Láràárọ̀ ni Màmá ń gbé ife rẹ̀ kiri ibẹ̀, tó ń mu omi ìwòsàn tó ń sun láti inú ilẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi ọ̀hún ti ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú ará ìlú ń dùn, wọ́n ní agbára rẹ̀ ló pọ̀ sí i. Koríko etí ìsun ti dúdú, pẹ́pẹ́yẹ sì ti sá lọ. Mo gbọ́ pé bí irú òórùn yìí bá ti di májèlé, imú kì í gbọ́ ọ mọ́. Mo bẹ Màmá kó má mu ún mọ́. Ó ní, "Zdena, oògùn wo ni kì í rùn?"

Jọ̀ọ́, má mú Anežka wá lọ́dún yìí. Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Màmá kí yín o. Láàárọ̀ yìí, òórùn gba gbogbo ọgbà kan. Màmá ní òun ò gbọ́ òórùn kankan mọ́.